Bí mo ṣe rí ẹgbẹ́ àwọn Júù fún Màmá tí mò ń tọ́jú

Àríwá Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń tọ́jú Màmá kan tó jẹ́ Júù. Wọn kì í jẹ oúnjẹ tí kì í bá ṣe kosher, ìyẹn oúnjẹ tí òfin ẹ̀sìn Júù fàyè gbà. Àwo ẹran wọn ọ̀tọ̀, àwo wàrà wọn ọ̀tọ̀. Àánú wọn ṣe mí gan-an, torí wọn ò rí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ jẹ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo kọ́kọ́ ń pe àwọn ẹgbẹ́ Júù kiri lórí fóònù, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Àṣé Sábáàtì ti wọlé, ó di alẹ́ Sátidé kó tó parí! Lọ́jọ́ Ajé, mo pe sínágọ́gù kan ní Golders Green. Wọ́n ní kí n kàn sí Jewish Care, ẹgbẹ́ aláàánú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990. Oúnjẹ kosher ti ń dé ilé báyìí, Màmá sì ń jẹun.