Bí iyanrìn ṣe ń di òkúta, tí òkúta ọ̀hún á tún wá dá ihò lu

Tẹ́ẹ bá rí fọ́tò àwọn òkè pupa Utah ní Amẹ́ríkà, àwọn tó lu bí ẹnu ọ̀nà yẹn, ẹ má rò pé ẹnìkan ló gbẹ́ ẹ o. Omi ni. Omi náà ló kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ pọ̀, omi náà ló ń tú u.

Àkọ́kọ́, iyanrìn á kó jọ. Odò lè gbé e wá, atẹ́gùn sì lè fẹ́ ẹ jọ bí òkìtì láṣálẹ̀. Ìlà tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lára òkúta yẹn, ẹ̀gbẹ́ òkìtì tí iyanrìn ń yọ̀ bọ́ nígbà náà ni.

Lẹ́yìn ẹ̀, iyanrìn mìíràn àti ẹrẹ̀ á gorí ẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìtẹ̀mọ́lẹ̀ nìkan ò tó o, ibí ló ti dùn: omi inú ilẹ̀ tó ń gba àárín hóró iyanrìn kọjá máa ń fi ohun tó yòrò sínú ẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ló dà bíi sìmẹ́ńtì ẹ̀. Tó bá jẹ́ silica, ìyẹn irú ohun tí wọ́n fi ń ṣe dígí, ó le gan-an. Tó bá jẹ́ calcite, ìyẹn irú ohun tó wà nínú ẹfun, ásíìdì díẹ̀ ti tó láti tú u. Irin tó dógùn-ún ló ń jẹ́ kó pupa. Ẹ fi ìṣó ha á díẹ̀, kẹ́ẹ kán fínígà sí i, tó bá ń hó, calcite wà níbẹ̀. Tẹ́ẹ bá fi àtàńpàkò ra á tí iyanrìn ń gbọ̀n sílẹ̀, sìmẹ́ńtì ẹ̀ ti ń lọ nìyẹn.

Ó wá ku kí ilẹ̀ gbé e sókè, kó sán. Ojú sísán yẹn lomi ń bá wọlé. Níbi tó bá tutù, omi tó dì níbẹ̀ á fẹ̀ tó ìdá 9 nínú 100, á yọ́, á tún dì, á máa ti òkúta síta. Àgbàrá tó kó iyanrìn dání náà á máa ha á bíi sáńpépà, bí Antelope Canyon, àfonífojì kan ní Arizona, ṣe rí tóóró nìyẹn. Atẹ́gùn làwọn èèyàn máa ń yìn, èmi ò gbà, ti omi ju tiẹ̀ lọ fíìfíì.

Tí òkúta bá wá dúró bí ògiri pẹlẹbẹ, ibi tí sìmẹ́ńtì ẹ̀ ò lágbára nísàlẹ̀ á kọ́kọ́ jábọ́, ihò á yọ, á máa fẹ̀. Arches National Park ní Utah ní irú ẹ̀ ju 2,000 lọ. Wọn ò sì dúró títí o: lọ́dún 1991 òkúta ńlá kan já lára ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Landscape Arch, ní August 2008 òmíràn, Wall Arch, wó lóru, nígbà tílẹ̀ máa mọ́, àfọ́kù ẹ̀ ti dí ọ̀nà.