Sípíréè Wo Ló Yẹ Ẹ̀rọ Eré Ìmárale Tó Ń Han?

Ní ilẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbbà títí dé apá Yàgbà, ìgbà ọyẹ́ ni ẹ̀rọ eré ìmárale máa ń han jù. Eruku a wọ oríkèé irin, a pò mọ́ òróró tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, a sì di ẹrẹ̀ dúdú tí ń jẹ irin náà díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á ra sípíréè tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lọ́wọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, wọ́n á sì fín in sí gbogbo ibi tí ojú bá tó. Ariwo náà a dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà a tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ fi yan sípíréè ni irú ohun méjì tó ń fi ara gbo ara, yálà irin àti irin ni, tàbí irin àti rọ́bà, àti bí eruku ṣe ń dé ibẹ̀ tó.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ wá ibi tí ariwo náà ti ń wá. Bí ó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ ìmárale ni, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn rọra máa wà á, kí ẹ sì máa gbé ọwọ́ lé férémù rẹ̀ níbì kọ̀ọ̀kan, níbi tó jìnnà sí ohun tó ń yí. Ibi tó bá gbọ̀n sí yín lọ́wọ́ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bóòtù tó tú ló sábà máa ń jẹ̀bi, kò sì sí sípíréè tó lè ṣe iṣẹ́ sípánà. Ẹ má gbàgbé pé apá òsì ni wọ́n ń yí pẹ́dàlì òsì sí kí ó tó le, ní òdìkejì ti ọ̀tún. Tí ojú òwú pẹ́dàlì náà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń yí i wọ inú irin, bá gbẹ, gírísì díẹ̀ ló ń fẹ́.

Tí ó bá jẹ́ òróró ni ibẹ̀ ń fẹ́ lóòótọ́, ẹ fi àkísà nu ẹrẹ̀ àtijọ́ kúrò ná. WD-40 tí gbogbo ènìyàn mọ̀ dára fún èyí, nítorí pé láti lé omi kúrò lára irin kí ó má baà dípẹtà ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1953. Ó ń tú bóòtù tó ti dípẹtà, ó sì ń fọ ọ̀rá tó ti gan, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́ jù láti dúró pẹ́ níbi tí ẹrù wúwo ti ń tẹ irin mọ́ irin. Ilé-iṣẹ́ kan náà ń ta oríṣiríṣi mìíràn lábẹ́ orúkọ yìí, nítorí náà, ẹ ka ara àgolo dáadáa. Òróró ẹ̀pà àti ẹ́ńjìnì ọ́ìlì tó ti dúdú, tí àwọn kan ń lò láti fi ṣọ́ owó ná, kò yẹ rárá: èkínní a máa gan, èkejì kún fún ìdọ̀tí.

Bí owó yín bá ká ẹyọ kan péré, sípíréè onísílíkóònì ni èmi yóò ní kí ẹ rà. Kì í sábà ba rọ́bà tàbí ike jẹ́, ó sì bá ọ̀pá ìjókòó àti irin tí òkúta ẹ̀rọ, ìyẹn ẹrù tí à ń fà sókè, ń yọ̀ lórí rẹ̀ mu. Òun náà ló sábà máa ń yẹ abẹ́ bẹ́lítì ẹ̀rọ ìsáré, nítorí pé sípíréè tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe lè ba bẹ́lítì náà jẹ́. Síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ìlò ẹ̀rọ náà: òmíràn kò fẹ́ òróró kankan, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì fẹ́ sílíkóònì olómi ju ti àgolo onísípíréè lọ. Oríkèé bẹ́ǹṣì tó ń gbé ẹrù wúwo ń fẹ́ èyí tí wọ́n kọ “white lithium” sí lára, tó nípọn bíi gírísì, àmọ́ ó ń fa eruku mọ́ra, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa nù ún nígbà ọyẹ́. Fún ṣéènì kẹ̀kẹ́ tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lábẹ́ bàrándà, èyí tó ń gbẹ, tí wọ́n kọ “dry” àti “PTFE” sí lára, ló dára jù, nítorí pé eruku kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fín in, ẹ yọ ẹ̀rọ náà kúrò lára iná, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì jìnnà sí sítóòfù àti jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú ọ̀pọ̀ àgolo wọ̀nyí máa ń gbiná. Ẹ fín in sí àkísà kí ẹ tó fi pa ibi tó gbòòrò. Ẹ lo ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ẹnu àgolo fún kọ̀rọ̀. Kò gbọ̀dọ̀ kan bírèkì, ibi tí ọwọ́ ń dì mú, ojú bẹ́lítì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, tàbí táìlì ilẹ̀, nítorí pé sílíkóònì lórí táìlì ń yọ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé oríkèé náà sókè sódò, kí òróró lè wọ inú, kí ẹ sì nu ìyókù. Tí ó bá ṣì ń lọ kẹrẹkẹrẹ lẹ́yìn èyí, ó ṣeé ṣe kí bíárìn rẹ̀ ti jẹ, ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì pààrọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ pè.