Bí Ọ̀dọ́kùnrin Àpọ́n Ṣe Lè Lo Kọ́ńdọ́ọ̀mù Bó Ti Yẹ

Lójú tèmi, ìtìjú ló ń dí ọ̀pọ̀ àpọ́n lọ́wọ́ láti ra kọ́ńdọ́ọ̀mù ju owó lọ, pàápàá ní ìlú Èkìtì tí ẹni tó ń ta oògùn ti lè jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyá ẹni tàbí ọmọ ìjọ ẹni. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, àdúgbò mìíràn ní Adó tàbí Ìkẹ́rẹ́ ni kí o ti rà á, nítorí ìfètò-sọ́mọ-bíbí kì í ṣe ti tọkọtaya nìkan.

Wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára páálí rẹ̀, má sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi tó gbóná. Ìka ni kí o fi ya ọ̀rá rẹ̀, kì í ṣe eyín. Fún orí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde, kí o sì tú u bo nǹkan ọmọkùnrin tó ti le dé ìdí kí ìbálòpọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Má ṣe fi òróró tàbí fasilíìnì pa á, nítorí wọ́n máa ń jẹ́ kí rọ́bà rẹ̀ ya. Lẹ́yìn tí àtọ̀ bá jáde, di ìdí rẹ̀ mú, kí o fà á yọ kí nǹkan ọmọkùnrin tó rọ̀.

Àwọn kan gbẹ́kẹ̀ lé omi iyọ̀ tí ọmọbìnrin yóò mu; kò dènà oyún rárá. Bí kọ́ńdọ́ọ̀mù bá ya, ẹ jọ lọ sí ilé oògùn fún oògùn ìdènà oyún pàjáwìrì kí wákàtí 72 tó pé, bí ó bá sì yá tó ni ó dára tó.