Camino: bí a ṣe ń múra ẹsẹ̀, ẹrù àti ọkàn sílẹ̀ kí a tó gbéra

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ rin Camino de Santiago, ìrìn-àjò mímọ́ àwọn Kristẹni tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìlú Santiago de Compostela ní Sípéènì, ló máa ń kọ́kọ́ béèrè àdúrà tí wọ́n máa gbà lójú ọ̀nà. Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ ọwọ́ ẹsẹ̀ ni ìdáhùn rẹ̀ wà. Ẹni tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti bó lọ́jọ́ kẹta kò ní rántí ohun tó torí ẹ̀ kúrò nílé mọ́. Ẹsẹ̀ yẹn ni yóò máa rò títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nínú gbogbo ọ̀nà tó lọ síbi tí wọ́n gbà pé ibojì Jákọ́bù Mímọ́, àpọ́sítélì Jésù, wà ní Santiago de Compostela, Camino Francés ni èrò ń rìn jù. Ó gbéra ní Saint-Jean-Pied-de-Port nílẹ̀ Faransé, ó gun orí òkè Pyrenees wọ Sípéènì. Gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bíi 780 kìlómítà, ọjọ́ 30 sí 35 ni ọ̀pọ̀ ń fi rìn ín. Ẹni tí kò láyè tó bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ní Sarria, níbi tó ti ku nǹkan bíi 115 kìlómítà. Ó ṣì tó gba ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní Compostela, torí 100 kìlómítà ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹsẹ̀ rìn.

Oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹsàn-án ló dára jù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá títí dé ìparí oṣù Kẹta, wọ́n máa ń ti ọ̀nà orí òkè Pyrenees nítorí yìnyín, ọ̀nà Valcarlos ní ìsàlẹ̀ ni kí ẹ gbà. Ẹ tún rántí pé Ọdún Mímọ́ ni 2027, nítorí ọjọ́ Àìkú ni àjọ̀dún Jákọ́bù Mímọ́, 25 oṣù Keje, bọ́ sí. Èrò á pọ̀ lọ́dún náà, ẹ tètè wá ibùsùn.

Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà Schengen, físà kan ṣoṣo tó bo ilẹ̀ Faransé àti Sípéènì pọ̀. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Faransé lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, Sípéènì lẹ ti máa pẹ́ jù, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti béèrè. Ìwé adójútòfò ìrìn-àjò tó bo yúrò 30,000 pọn dandan. Ibi tó máa ń há sí ni ẹ̀rí ibi tí ẹ máa sùn: ọ̀pọ̀ ilé àwọn arìnrìn-àjò tó jẹ́ ti ìlú kì í gba ìwé ṣáájú, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń rí bẹ́ẹ̀dì. Nítorí náà, àwọn ilé aládàáni ni kí ẹ kọ sínú ètò ìrìn yín, ìlú kan sí òru kan.

Bàtà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ sì rà á ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò nírọ̀lẹ́ tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lò gan-an. Ó yẹ kí àyè bí ìbú àtàǹpàkò kù níwájú ọmọ ìka tó gùn jù, torí ẹsẹ̀ máa ń tẹ́ sí i tí a bá ń rìn lójoojúmọ́. Ìbọ̀sẹ̀ olówùú kò dára: ó ń fa òógùn mu, ó ń rin gbindin, awọ tó bá sì rọ̀ nínú omi kì í pẹ́ bó. Onírun àgùntàn ni kí ẹ wá, méjì tàbí mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ méjìlá tó fún ìmúra. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kìlómítà márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Láti ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ẹ gbé àpò ẹ̀yìn yín kọ́ pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀. Kí ìmúra tó parí, ẹ gbọ́dọ̀ ti rin 20 kìlómítà lónìí, kí ẹ tún rin 20 lọ́la, torí ọjọ́ kejì ni ẹsẹ̀ máa ń sọ òótọ́. Èkó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ní láti wá àtẹ̀gùn ilé alájà púpọ̀, kó máa gùn ún, kó sì máa sọ̀ kalẹ̀. Sísọ̀ kalẹ̀ yẹn ló ṣe pàtàkì jù, òun ló ń pa orúnkún.

Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara yín ni kí ẹrù yín jẹ́. Bí ẹ bá wọn 70 kílò, kílò méje ni, láì ka omi mọ́ ọn. Aṣọ ìrìn méjì péré, ọ̀kan lára, ọ̀kan lórí okùn. Aṣọ òjò, àpò ìsùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, sílípáàsì, ọṣẹ kan fún ara àti aṣọ, ṣájà, oògùn. Ẹ má gbé jíǹsì: ó wúwo, kì í sì í gbẹ bọ̀rọ̀. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, ẹ má fojú díwọ̀n rárá. Bí ẹ bá gbé e kọ́, ìgbànú àpò náà gbọ́dọ̀ jókòó lórí egungun ìbàdí, kó fún un dáadáa. Bí èjìká bá ń kú tipiri, ìgbànú yẹn ló dẹ̀.

Ní ti ìléròrò, kó tó yọ ni a ti ń wò ó sàn. Láràárọ̀, ẹ fi Vaseline pa àárín ọmọ ìka àti gìgísẹ̀ kí ẹ tó wọ ìbọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí méjì méjì, ẹ bọ́ bàtà, kí ẹsẹ̀ gba atẹ́gùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ibì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ẹ dúró níbẹ̀ gan-an, ẹ má sọ pé ó di ìlú tó kàn. Ẹ nu ún gbẹ, ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn. Bó bá ti yọ, tó sì ń ro yín, ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi sípíríìtì nu abẹ́rẹ́ àti awọ náà, ẹ lu ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ tẹ omi rẹ̀ jáde. Ẹ má bó awọ orí rẹ̀, òun ni ìbora ẹran tútù tó wà lábẹ́. Àwọn kan máa ń fi òwú sílẹ̀ nínú rẹ̀ kí omi lè máa jò; ẹ má ṣe é, kòkòrò àrùn ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọ́dọ̀ lu tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ni kó lọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, láti Saint-Jean dé Roncesvalles, jẹ́ nǹkan bíi 25 kìlómítà, òkè tí ẹ ó sì gùn lé ní mítà 1,200. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba ìrìn tó kù jẹ́ nítorí ìkánjú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀ geere bí ẹ ṣe ń gun òkè, ẹ ti ń yára jù. Láti orí òkè sọ̀ sí Zubiri àti sí Molinaseca, òkúta rẹ̀ ń yọ̀ tí òjò bá rọ̀. Ẹ gé èékánná kúrú, ẹ so okùn bàtà le lọ́rùn ẹsẹ̀ kí ọmọ ìka má máa gbá iwájú bàtà, ẹ máa gbé ẹsẹ̀ kúkúrú.

Láàárín Burgos àti León, ilẹ̀ á tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ, wọ́n ń pè é ní Meseta. Àwọn kan máa ń wọ bọ́ọ̀sì kọjá ibẹ̀. Tí ọjọ́ bá wà, mo rọ̀ yín pé kí ẹ rìn ín, nítorí kò sí ohun tó ń fa ojú níbẹ̀, ibẹ̀ ni ọkàn ti máa ń sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ gbéra kí oòrùn tó yọ. Láti Carrión de los Condes, ẹ gbé omi lítà méjì. Ìlú tó kàn jìn tó 17 kìlómítà.

Iṣẹ́ ọkàn náà ní ìmúra tirẹ̀. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ ìdí tí ẹ fi ń lọ sójú ìwé kan ṣoṣo. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó ní kí ẹ gbàdúrà fún àwọn, kí ẹ pín wọn sí ọjọ́. Ẹ mú òkúta kékeré láti ilé. Ní Cruz de Ferro, níbi tó ga tó nǹkan bíi mítà 1,500, òkìtì òkúta ńlá wà nídìí àgbélébùú irin, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí. Kí wákàtí àkọ́kọ́ lójúmọ́ jẹ́ ti ìdákẹ́jẹ́, kí fóònù wà nínú àpò. Àmì ọfà aláwọ̀ ìyeyè ló ń júwe ọ̀nà, fóònù kò pọn dandan. Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìwẹ̀ àti aṣọ fífọ̀, ẹ kọ ìlà mẹ́ta: ohun kan tí ẹ rí, ohun kan tó wúwo lọ́kàn yín, ẹnì kan tí ẹ bá pàdé. Bí ẹ bá fi í di ọ̀la, ọjọ́ méjì á dà pọ̀ mọ́ra.

Láàárín 100 kìlómítà tó kẹ́yìn, òǹtẹ̀ méjì lóòjọ́ ni ìwé ìrìn yín, ìyẹn credencial tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí lójú ọ̀nà láti fi hàn pé ẹ rìn ín, gbọ́dọ̀ ní. Ilé tí ẹ sùn ń lu ọ̀kan, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé oúnjẹ á lu ìkejì. Ní Santiago, wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn gbé àpò ńlá wọ kátídírà, ẹ ti wá ibi tí ẹ máa fi sí kí Máàsì ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ó kéré tán ọjọ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó wọ bàálù.

Bí ẹ bá délé, ẹsẹ̀ lè wú, ọmọ ìka sì lè kú tipiri fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí kò bá lọ, ẹ fi han dókítà. Ọkàn náà lè rẹ̀wẹ̀sì, torí iṣẹ́ ojoojúmọ́ tó mọ̀ ti dáwọ́ dúró lójijì. Ẹ máa rin ìrìn wákàtí kan lójúmọ́ fún oṣù àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ka ìwé ìlà mẹ́ta náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níjòkòó kan, kí ẹ fàlà sábẹ́ ohun tó wúwo lọ́kàn tó yọjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ pe àwọn tí ẹ gbàdúrà fún lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ ìlú tí ẹ ti dárúkọ wọn fún wọn.