Ṣúgà Tó Ga Láàárọ̀: Aago Mẹ́ta Òru Ni Kẹ́ Ẹ Bi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àtọ̀gbẹ bíi tèmi, tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín bá jẹ́ 118 mg/dL nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ sùn, tẹ́ ẹ wá jí bá 172 láìfi nǹkan kan kan ẹnu, ẹ má tíì dá ara yín lẹ́bi. Ọkọ mi ti fojú ẹni tó ń yọ́ oúnjẹ jẹ lóru wò mí rí. Oúnjẹ kọ́ o. Ẹ̀dọ̀ wa máa ń tọ́jú ṣúgà pa mọ́, òun náà ló sì ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tá a bá ń sùn.

Láti nǹkan bí aago mẹ́ta òru títí di aago mẹ́jọ àárọ̀, ara ń múra àtijí. Àwọn họ́mónù bíi cortisol àti họ́mónù ìdàgbàsókè á pọ̀ sí i, wọ́n á mú kí ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà síta, wọn ò sì ní jẹ́ kí ínsúlínì, họ́mónù tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ráyè ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ náà, àmọ́ ínsúlínì tirẹ̀ á tètè pọ̀ sí i láti kápá rẹ̀. Tiwa kì í lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Èyí nìkan kọ́ ló ń fà á. Agbára oògùn tàbí abẹ́rẹ́ alẹ́ lè tán kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ lè ti jẹun púpọ̀ lálẹ́ pátápátá. Àìsàn, àìsùn dáadáa àti oògùn steroid náà ń gbé ṣúgà sókè. Bákan náà, láti nǹkan bí ọdún 1930 sí 1939 ni onímọ̀ kẹ́mísírì kan, Michael Somogyi, ti sọ pé tí ṣúgà bá já wálẹ̀ jù lóru, ara lè fi ìbínú gbé e sókè kọjá ààlà. Ọ̀pọ̀ dókítà ò gbà mọ́ pé ìyẹn wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ṣúgà tó já wálẹ̀ lójú oorun léwu fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tá a fi gbọ́dọ̀ wò ó.

Iye tẹ́ ẹ rí láàárọ̀ kò lè sọ èyí tó jẹ́ nínú gbogbo wọn. Ẹ máa wọn ṣúgà nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ fi áláàmù jí ní aago mẹ́ta òru kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ wá wọ̀n ọ́n gbàrà tẹ́ ẹ bá jí. Ẹ ṣe é fún alẹ́ mélòó kan. (Ẹni tó lẹ ẹ̀rọ tó ń ka ṣúgà mọ́ apá lè máa sùn lọ ní tirẹ̀, ẹ̀rọ á bá a kà á.) Ẹ fọwọ́, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ, torí pé oje èso lára ìka lásán lè sọ iye rere di burúkú. Ẹ má sì kọ́kọ́ máa rìn káàkiri ilé láàárọ̀, nítorí ṣúgà àwọn kan tún ń gòkè sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá dìde. Ẹ kọ aago oúnjẹ àti ti oògùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye náà, àti ọtí bí ẹ bá mu ún.

Tó bá ti ga kẹ́ ẹ tó sùn, oúnjẹ alẹ́ tàbí oògùn ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Tó bá dára nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ sùn, tó dára ní aago mẹ́ta, tó wá fò sókè láàárọ̀, họ́mónù òwúrọ̀ ni mo máa fura sí, tàbí oògùn tó tán lára. Tó bá ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ látòru, ó ṣeé ṣe kí oògùn má tó.

Àmọ́ tí aago mẹ́ta bá fi iye tí kò tó 70 hàn, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ẹ jẹ ṣúgà tó máa ń tètè ṣiṣẹ́, gíráàmù 15, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Ẹni tó bá rí 172 láàárọ̀, tó wá fi kún ínsúlínì alẹ́ láìmọ̀ pé òun ti wà ní 58 lóru, ó ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré. Iye kan náà láàárọ̀, ìtọ́jú méjì tó tako ara wọn. Ìdí tí mi ò fi fara mọ́ kí ẹnikẹ́ni yí abẹ́rẹ́ padà fúnra rẹ̀ nìyẹn.

Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò lóyún, 80 sí 130 ni wọ́n ń lé kí wọ́n tó jẹun àárọ̀. Tí ẹ̀rọ yín bá ń lo mmol/L, 4.4 sí 7.2 ni. Ẹ má ṣe bá ara yín jà lórí 128 àti 133. Ẹ̀rọ ò péye tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ tètè jẹun alẹ́, kẹ́ ẹ sì rìn díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyókù di ọwọ́ dókítà. Metformin, oògùn àtọ̀gbẹ kan, ń dín ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ ń tú síta kù. Ní tèmi, abẹ́rẹ́ tí mò ń gbà nírọ̀lẹ́ ni agbára rẹ̀ ń tán ṣáájú àfẹ̀mọ́júmọ́; wọ́n ní kí n máa gbà á nígbà tí mo bá fẹ́ sùn, wọn ò tiẹ̀ fi kún un rárá.

Tí ṣúgà bá kọjá 240 tí kò wálẹ̀, tí èébì, inú rírun tàbí mímí kíákíá sì tẹ̀ lé e, ẹ má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá fún yín. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.