Bí A Ṣe Ń Fi Linux Sórí Láptọ́ọ̀pù Tòkunbọ̀, Tí A sì Ń Yan Irinṣẹ́ Kóòdù Sí I

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí kò lè gba Windows 11 kò tíì di ohun tí à ń jù nù. Òótọ́ ni pé Microsoft dáwọ́ ìtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ṣùgbọ́n bí a bá fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sórí ẹ̀rọ yẹn kan náà, ó tó fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Ìwòròkò ní Èkìtì láti kọ́ kóòdù títí yóò fi gboyè, láìsan kọ́bọ̀ lórí ètò kankan. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ kò ju méjì lọ, àwọn ibi méjèèjì yẹn ni n óò sì ti pẹ́.

Oríṣiríṣi ni Linux; ẹ mú Linux Mint, èyí tó ń lo Xfce, ojú iṣẹ́ tó fúyẹ́. Àwọn tó ṣe é sọ pé ẹ̀rọ tó ní 2GB RAM lè gbé e, pé 4GB ló tuni lára. Èmi kì í fi í sórí ẹ̀rọ tó bá dín ní 4GB, torí pé ojú ìwé mélòó kan lórí Firefox ti tó láti gbé 2GB mì. Orí Ubuntu ni wọ́n kọ́ Mint lé, orí Debian ni wọ́n sì kọ́ Ubuntu lé; ìdí nìyí tí ìdáhùn tí ẹ bá rí fún ọ̀kan nínú wọn fi sábà máa ń wúlò fún ìyókù. Arch àti Gentoo, àwọn Linux mìíràn tó le díẹ̀, dára, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọdún kan kọjá ná.

Fáìlì Mint tó nǹkan bíi 3GB. Dátà òru ni kí ẹ fi wà á sílẹ̀, tàbí kí ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ti ní i, torí pé ìwé àṣẹ àwọn ètò wọ̀nyí gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣe ẹ̀dà fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni yòówù kí ẹ ti gbà á, ẹ fi àṣẹ sha256sum, tó ń ṣírò àmì ìdánimọ̀ fáìlì, yẹ̀ ẹ́ wò (lórí Windows, certutil -hashfile orúkọ-fáìlì SHA256 ni), kí ẹ sì fi èsì rẹ̀ wé èyí tó wà lójú ìwé Mint fúnra rẹ̀. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ẹ pa fáìlì náà rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Rufus, ètò Windows tó ń sọ fláàṣì di ohun tí ẹ̀rọ lè tàn láti orí rẹ̀, kọ ọ́ sórí fláàṣì 8GB.

Ibi àkọ́kọ́ tí wàhálà wà nìyí: díìsìkì. Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ láti orí fláàṣì yẹn, ẹ kó gbogbo iṣẹ́ yín sórí ohun ìpamọ́ mìíràn, kí ẹ sì ṣí fáìlì bíi mélòó kan níbẹ̀ wò lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Mo ti rí àwọn tó gbà pé àwọn ti kó iṣẹ́ àṣekágbá wọn pamọ́, tó sì jẹ́ pé àmì shortcut tí kò ju 2KB lọ ni wọ́n kó. Fáìlì gidi ṣì wà lórí díìsìkì tí wọ́n fẹ́ nù.

Ẹ yọ gbogbo díìsìkì òde kúrò lára ẹ̀rọ, kó ku fláàṣì Linux nìkan. Nígbà tí Mint bá jí, kí ẹ tó tẹ Install, ẹ ṣí terminal, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ, kí ẹ sì tẹ lsblk. Yóò to àwọn díìsìkì sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n wọn: bí ẹ bá rí sda tó jẹ́ 465.8G, díìsìkì 500GB inú ẹ̀rọ nìyẹn. Sdb tó bá sì wà ní nǹkan bíi 7.5G ni fláàṣì. Díìsìkì irú ti ìsinsìnyí lè máa jẹ́ nvme0n1. Ẹ fi bírò kọ orúkọ àti ìwọ̀n sórí ìwé. Ìwọ̀n ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé ju orúkọ lọ, torí pé ohun tó ń jẹ́ sda lónìí lè di sdb lọ́la. Àwọn tó ń fi dd, àṣẹ Linux tó ń kọ fáìlì sórí díìsìkì ní tààrà, kọ fláàṣì ni èyí ń pa lẹ́kún jù: dd kì í béèrè bóyá ó dá yín lójú, lẹ́tà kan tí a bá ṣì kọ lẹ́yìn of=, níbi tí a ti ń dárúkọ díìsìkì tí yóò kọ sí, sì ti tó láti bo iṣẹ́ ọdún mẹ́rin mọ́lẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fi Windows sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Linux, inú Windows ni kó ti gé àyè sílẹ̀, nínú Disk Management, 60GB ó kéré tán. Kó pa Fast Startup, torí pé bó bá wà níbẹ̀, Windows kì í kú tán nígbà tí a bá pa á. Bí BitLocker, ètò Windows tó ń ti díìsìkì pa, bá wà lórí díìsìkì náà, kó kọ́kọ́ kọ kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ńbà 48 sílẹ̀. Kó má sì fọwọ́ kan Erase disk, torí gbogbo díìsìkì pátá nìyẹn yóò nù.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀. Bátìrì tòkunbọ̀ kì í sábà pẹ́, bí iná bá sì lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń tún díìsìkì pín, agbè fọ́, omi dànù. Mi ò kì í bẹ̀rẹ̀ láìsí inverter. Ẹni tí kò bá ní, kó lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi sólà ṣàájì fóònù, kó san owó díẹ̀, kó sì parí iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ìyókù ìfisórí náà kò le. Bó bá parí, ẹ tẹ sudo apt update (sudo ń fún àṣẹ ní agbára alábòójútó ẹ̀rọ, apt sì ni ètò tó ń wá irinṣẹ́ sórí Mint), lẹ́yìn náà sudo apt install build-essential git python3-venv geany. Ẹ ti ní GCC fún èdè C, Git tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà kóòdù, èyí tí Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, ohun tí Python nílò, àti Geany tí a fi ń kọ kóòdù láì jẹ RAM. VSCodium, ètò ìkọ kóòdù tó wúwo jù ú lọ, dára fún ẹni tó bá ní 8GB RAM.

Bí irinṣẹ́ kan kò bá sí nínú apt, ẹ wò ó bóyá ó ní fáìlì LICENSE, bóyá wọ́n ṣì ń tún un ṣe lọ́dún yìí, àti bóyá ẹnìkan ń dá àwọn tó ń fẹjọ́ àṣìṣe sùn lóhùn. Èyí tó bá ní kí ẹ da àṣẹ curl, tó ń fa ìlànà wá láti orí ayélujára, sínú sudo bash, ẹ fi sílẹ̀, torí pé ẹ ń fa gbogbo ẹ̀rọ lé ẹni tí ẹ kò mọ̀ lọ́wọ́.

Ibi kejì tí wàhálà wà ni pip, ètò tó ń wá àfikún fún Python. Láti orí Debian 12 ti ọdún 2023 ni pip ti ń kọ̀ láti fi nǹkan sí àárín Python tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń lò, tó sì ń kọ externally-managed-environment síta. Ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n á fi --break-system-packages kún un, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Ẹ má dán an wò. Python ni wọ́n fi kọ ètò tó ń ṣe àtúnṣe Mint fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá da àárín yẹn rú lè jí lọ́jọ́ kan kó rí i pé ètò náà kò ṣí mọ́. Inú fódà iṣẹ́ yín, ẹ tẹ python3 -m venv ayika, lẹ́yìn náà source ayika/bin/activate. Bí ẹ bá ti rí ayika nínú àkámọ́ níwájú ìlà àṣẹ, ẹ lè máa lo pip bó ṣe wù yín. Bó bá bàjẹ́, fódà ayika nìkan ni ẹ óò pa rẹ́ tí ẹ óò sì tún ṣe.

Ní ti dátà, bí ẹ bá pọ̀ nínú ilé kan tí ẹ ń lo ẹ̀yà Mint kan náà, kí ẹnìkan fi sudo apt-get install --download-only, pẹ̀lú orúkọ àwọn irinṣẹ́ tí ẹ fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, wà wọ́n sílẹ̀ kó tó fi ohunkóhun sórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Apt-get kì í pa àwọn fáìlì náà rẹ́ bí apt ti ń ṣe. Inú /var/cache/apt/archives ni wọ́n wà. Kó kó wọn sórí fláàṣì, kí àwọn yòókù wọ inú fódà náà, kí wọ́n sì tẹ sudo apt install ./*.deb.