Ìkìlọ̀ pàjáwìrì tí kì í jí adití: ohun tí ẹ ń bi mí ní Ògbómọ̀ṣọ́

Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Tákìé, èmi náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa. Bí iná bá ń jó tàbí tí àgbàrá bá ya wọlé, ọwọ́ mi ni ìkìlọ̀ ti ń jáde. Ìbéèrè kan náà ni mo ń dáhùn lójoojúmọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó pè mí.

Mo pe adití ilé wa lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò gbé e.
Kò gbọ́ ni. Ẹ tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i.

Mo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ìyá tí kò ríran ní òun ò gbọ́ nǹkan kan.
Àwòrán lẹ fi ránṣẹ́. TalkBack tó ń ka fóònù fún wọn, ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ ló mọ̀ ọ́n kà dáadáa. Ẹ tẹ̀ ẹ́, tàbí kí ẹ fi ohùn yín sọ ọ́.

Adití náà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kò mọ̀ pé ìkìlọ̀ wọlé.
Ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Accessibility, ẹ tan flash notification, kí iná kámẹ́rà máa ṣẹ́jú bí ìkìlọ̀ bá wọlé. Kí ó dojú fóònù délẹ̀, nítorí ẹ̀yìn ni iná náà wà. Bí fóònù ò bá gbọ̀n rárá, tí ẹ sì ti ṣí vibration, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọṣẹ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ tú u.

Gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, àmọ́ lóru kì í jí i.
Èyí gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n kan wà ní Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n, aránṣọ ni wọ́n, etí wọn ò gbọ́ràn láti kékeré. Nígbà ọyẹ́, iná ràn mọ́ ilé ìdáná ilé kejì sí tiwọn ní aago méjì òru. Mo fi ìkìlọ̀ sórí gúrúùpù WhatsApp àdúgbò lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀ ti mọ́ kí wọ́n tó rí i. Ọlọ́run ló ní kí atẹ́gùn má fẹ́ síhà ọ̀dọ̀ wọn. Ojú tì mí débi pé n kò lè kí wọn.

Mo gba fóònù náà. Lórí tábìlì mi, ó tàn, ó gbọ̀n. Mo yọ áàpù WhatsApp kúrò, mo tún un gbé wọlé, ó ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé e délé, ó tún dákẹ́. Bí a ṣe ń lọ, tí a ń bọ̀ nìyẹn, títí ìyàwó wọn, tó máa ń bá wa fọwọ́ sọ̀rọ̀, fi sọ pé, "Alẹ́ tí kò bá síná nìkan ló máa ń ṣe báyìí o."

Ibẹ̀ ló wà! Bí NEPA bá mú iná lọ, bátìrì á lọ sílẹ̀, fóònù á tan battery saver, ètò tó ń dín ìlò bátìrì kù, fúnra rẹ̀, ìkìlọ̀ tó ń bá dátà wọlé á sì dúró dìgbà tí wọ́n bá ṣí i. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, bátìrì kì í lọ sílẹ̀. Ibi tí àìsàn náà kò sí ni mo ti ń wá a.

Mo pa battery saver kó má tan ara rẹ̀ mọ́. Mo sọ áàpù náà di Unrestricted nínú Battery, kó lè máa ṣiṣẹ́ bí wọn ò tilẹ̀ ṣí i. Mo ra pọ́wá báǹkì fún wọn kí wọ́n fi gba iná kí wọ́n tó sùn. Kí fóònù má so mọ́ iná lábẹ́ ìrọ̀rí. Láti ìgbà náà, àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni mo kọ́kọ́ ń fi ránṣẹ́, kò dúró de dátà. Lálẹ́ ọjọ́ tí iná ò sí, mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ ní aago kan òru. Fóònù gbọ̀n lábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ̀gbọ́n dìde jókòó. Mo tún bẹ ará ilé iwájú pé bí ewu bá dé, kó tan tọ́ọ̀ṣì wọ ojú fèrèsé wọn.

Ṣé dandan ni gbogbo wàhálà yìí?
Òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ní kí ìjọba dáàbò bo àkàndá ẹ̀dá nígbà pàjáwìrì. Àwa tí a jọ ń gbé la sì máa ń kọ́kọ́ débẹ̀.

Ẹni tí kò lè fẹsẹ̀ rìn gbọ́ ìkìlọ̀, kò rí ẹni gbé e.
"Ẹ sá jáde" kò tó fún un. Ẹ kọ orúkọ ẹni méjì tí yóò gbé e sínú ìkìlọ̀ náà, kí ẹni kẹta máa pe 112.